Kámẹ́rà àti Iṣẹ́ Abẹ Lẹ́bàá Ojú Adarí

Iṣẹ́ abẹ lẹ́bàá ojú kì í sábà gba ìríran lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Kókó tí wọ́n gé kúrò létí ìpéǹpéjú, ọ̀nà omijé tó dí tí wọ́n là, ẹran tó hù láti igun ojú wá sórí ẹyinjú tí wọ́n ká kúrò: lẹ́yìn gbogbo wọn, ojú náà sábà máa ń ríran bó ṣe ń ríran tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń fi kámẹ́rà jẹun, tàbí ẹni tó kàn fẹ́ràn fọ́tò yíyà, ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Ibi tí egbò máa wà yẹn gan-an ni kámẹ́rà ń fara tì lójoojúmọ́. Bí ojú tọ́rọ̀ kàn bá sì jẹ́ èyí tí onítọ̀hún máa ń gbé sí ihò kámẹ́rà, ohun tí ọwọ́, imú àti ìpéǹpéjú rẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ni yóò ní láti yí padà, ó kéré tán fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ojú méjèèjì kì í pín iṣẹ́ dọ́gba. Bí ènìyàn bá na ìka sí ohun tó wà lókèèrè, tàbí tó yọjú wo inú ihò kékeré, ọ̀kan nínú ojú méjèèjì ni ọpọlọ máa ń gbẹ́kẹ̀ lé, láìjẹ́ pé onítọ̀hún ronú sí i. Òun ni ojú adarí. Giambattista della Porta, ọ̀mọ̀wé ará Nápólì ní Ítálì, ti ṣàpèjúwe rẹ̀ láti ọdún 1593. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ọmọ ènìyàn ni ojú ọ̀tún ń darí. Ojú òsì ló ń darí púpọ̀ nínú àwọn yòókù. Ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni lè gbà mọ tirẹ̀ kò gba owó. Kí ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ṣe ihò kékeré kan, kí ó la ojú méjèèjì sílẹ̀, kí ó sì wo aago ara ògiri láti inú ihò náà. Lẹ́yìn náà kí ó di ojú kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú tó ṣì ń rí aago náà nínú ihò nígbà tí òun nìkan ṣí sílẹ̀ ni ojú adarí.

Ojú adarí kì í ṣe ojú tó ríran jù dandan. Ẹni tí ojú òsì rẹ̀ ń ka lẹ́tà tó kéré jù lára pátákó dókítà lè máa fi ojú ọ̀tún sun nǹkan. Kò sì dandan kó bá ọwọ́ mu, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun ni ojú òsì ń darí. Èyí tó yẹ kó fi ẹni tó ń retí iṣẹ́ abẹ lọ́kàn balẹ̀ ni pé ìdarí yìí kò le bí irin. Nínú ìwádìí tí Khan àti Crawford gbé jáde ní 2001, ojú tó ń darí máa ń yí padà bí ohun tí ènìyàn fẹ́ nawọ́ sí bá ti sún jìnnà sí apá ọ̀tún tàbí òsì: ojú tó bá wà ní ìhà ibi tí ohun náà wà ni ọpọlọ máa ń gba iṣẹ́ fún. Ojú kejì lè kọ́ iṣẹ́ náà. Mímọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀, mímọ ìgbà tí ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu ìyàwó, mímọ ibi tó yẹ kí àwòrán parí sí, kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó wà nínú ojú ọ̀tún nìkan tàbí òsì nìkan.

Bí wọ́n ti ṣe kọ́ kámẹ́rà ló sọ ọ̀rọ̀ ojú kan di ọ̀ràn. Kámẹ́rà onípákó ńlá ayé àtijọ́ kò bèèrè ojú ọ̀tún tàbí òsì. Ayàwòrán á ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú, á sì fi ojú méjèèjì wo àwòrán tó dorí kodò lórí gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀. Rolleiflex, kámẹ́rà onílẹ́ǹsì méjì tó jáde ní Jámánì ní 1929, máa ń wà ní ìwọ̀n àyà tàbí ìdí. Ayàwòrán á wolẹ̀ wo gíláàsì tó wà lórí rẹ̀, níbi tí ọ̀tún ti ń di òsì. Irú kámẹ́rà onílẹ́ǹsì méjì bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé fọ́tò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi ya àwòrán àwọn bàbá àti ìyá tó ṣì wà lára ògiri pálọ̀ títí dòní. Nígbà tí olùwádìí Stephen Sprague kọ̀wé nípa fọ́tò àwọn Yorùbá ní 1978, ohun tó kíyè sí jù ni àwòrán ìjókòó: ẹni iyì tó jókòó gbagbaagba, tó kọjú sí kámẹ́rà, tó fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò nílò kí ayàwòrán lẹ ojú mọ́ ohunkóhun.

Leica tó dé ọjà ní 1925 wà lára àwọn tó gbé kámẹ́rà wá síwájú ojú. Lára àwọn Leica tó dé lẹ́yìn náà, ihò ìwòran wà ní igun òkè lápá òsì. Ẹni tó ń fi ojú ọ̀tún wò ó ń jẹ ìgbádùn, nítorí imú rẹ̀ bọ́ sí ìta, ojú òsì rẹ̀ sì lè máa wo òde. Asahi Pentax ti 1957 àti Nikon F ti 1959 gbé ihò náà sí àárín, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì àti irin tí wọ́n fi ń wa fíìmù síwájú wà lápá ọ̀tún síbẹ̀. Exakta ti ilẹ̀ Jámánì, tó fi bọ́tìnnì sí ọwọ́ òsì, kò rí ẹni púpọ̀ tẹ̀lé e. Gbogbo èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó bá gbé kámẹ́rà sí ojú òsì ń fi ara kámẹ́rà bo imú àti ojú ọ̀tún rẹ̀, àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á sì máa wà nítòsí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ibí yìí ni ìmọ̀ràn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fún ara wọn ti ń já. Wọ́n á ní bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ sí ojú ọ̀tún, kí ayàwòrán kàn gbé kámẹ́rà lọ sí ojú òsì. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà oníhò, ẹ̀yìn kámẹ́rà náà àti àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún á wà níwájú egbò gan-an, tí ọ̀nà tó wà láàárín wọn kò sì ní ju ìbú ìka lọ. Bí ẹnì kan bá kọ lù ú níbi ayẹyẹ, ojú egbò ni kámẹ́rà máa gbá. Àyípadà tó ní láárí ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí kámẹ́rà kúrò lójú pátápátá.

Èyí kò le mọ́ bó ṣe le láyé fíìmù. Olympus E-330, tó jáde ní 2006, wà lára àwọn kámẹ́rà onídígí àkọ́kọ́ tó jẹ́ kí ayàwòrán máa wo ohun tó ń yà lórí sikirínì ẹ̀yìn kámẹ́rà kó tó tẹ bọ́tìnnì, sikirínì náà sì ṣeé yí sókè sódò. Panasonic G1 ti 2008 yọ dígí inú kúrò pátápátá. Lónìí, fóònù ti kọ́ gbogbo ayé láti máa fi ojú méjèèjì ya fọ́tò. Síbẹ̀, ìtìjú kan ṣì wà láàárín àwọn onífọ́tò, pé ẹni tó bá na ọwọ́ gbé kámẹ́rà síwájú bí ẹni ń fi fóònù yàwòrán kò mọ iṣẹ́. Ìtìjú náà kò ní ìdí. Wíwo àwòrán láti ọ̀nà jíjìn, pẹ̀lú ojú méjèèjì, ti wà kí ihò ìwòran tó dé, àwọn ọ̀gá sì fi ṣiṣẹ́ ńlá.

Ohun tó yẹ kí ayàwòrán ṣe dá lórí irú iṣẹ́ abẹ tó ń bọ̀. Kókó kékeré inú ìpéǹpéjú, tí wọ́n ń là kí wọ́n sì ha inú rẹ̀ jáde, kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Wọ́n lè bo ojú náà fún wákàtí mélòó kan, ìwúlé rẹ̀ á sì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àrùn jẹjẹrẹ awọ ìpéǹpéjú lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, tí oòrùn tètè ń pa awọ wọn lára, ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ jù. Fún irú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń lo ọ̀nà tí dókítà Frederic Mohs bẹ̀rẹ̀ ní Wisconsin ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1930: wọn á gé awọ náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọn á wo èyí tí wọ́n gé lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkantóbi, wọn á sì tún gé títí ohun tó kù á fi mọ́ tónítóní. Bí wọ́n ti ń ṣe é, a kì í lè sọ tẹ́lẹ̀ bí ihò tó máa kù á ti tóbi tó.

Bí ihò náà bá gba apá púpọ̀ nínú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, dókítà lè ya ara ìpéǹpéjú òkè wá sísàlẹ̀ láti fi dí i, ọ̀nà tí Wendell Hughes ṣàpèjúwe ní 1937. Ẹran tí wọ́n yà yẹn á bo ẹyinjú mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó gé e sílẹ̀. Láàárín àkókò yẹn, ojú náà kò ní rí nǹkan kan. Ayàwòrán tí kò bèèrè ṣáájú lè ti gba iṣẹ́ ìgbéyàwó mẹ́ta sílẹ̀ fún oṣù náà. Nínú gbogbo ìbéèrè tó yẹ kí ènìyàn gbé lọ bá dókítà, èyí ló wúlò jù: ṣé ojú náà á ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bí kò bá sì ní ṣí, fún ìgbà wo?

Ẹran tó máa ń hù láti igun ojú lápá imú wá sórí ẹyinjú wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ olóòrùn, pàápàá lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn, eruku àti afẹ́fẹ́, àwọn onífọ́tò òde sì wà lára wọn. Wọ́n máa ń ká a kúrò, wọ́n á sì fi awọ tín-ín-rín láti apá mìíràn ojú náà bo ààyè rẹ̀ kó má bàa tún hù. Ojú náà á pọ́n, á máa ṣe bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á sì máa ta á fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Fúláàṣì tó ń tan sójú ayàwòrán láti ara dígí, tàbí láti ọ̀dọ̀ onífọ́tò ẹgbẹ́ rẹ̀, á di ìyà ní àkókò yìí.

Ti ọ̀nà omijé yàtọ̀. Níbẹ̀, dókítà á gé díẹ̀ nínú egungun tín-ín-rín ẹ̀gbẹ́ imú láti la ọ̀nà tuntun fún omijé gba inú imú, ó sì sábà máa ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Ẹni tí wọ́n ṣe é fún kò gbọdọ̀ fun imú fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dà. Kò sì yẹ kí ohun líle kankan tẹ ẹ̀gbẹ́ imú yẹn. Kámẹ́rà tí ènìyàn gbé sí ojú kejì, tí imú rẹ̀ wá tẹ̀ mọ́ sikirínì, ń tẹ ibẹ̀ gan-an.

Àkókò tó wúlò jù fún ìmúrasílẹ̀ ni ìgbà tí ojú méjèèjì ṣì le. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ojú á máa ro ènìyàn, ìpara á máa mú un ṣe bàìbàì, ọkàn kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀ láti kọ́ ohun tuntun. Ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú tó láti bẹ̀rẹ̀. Kí ayàwòrán fi aṣọ mímọ́ bo ojú adarí nínú ilé fún bí ìdajì wákàtí lójúmọ́, kí ó sì ṣe ohun tó máa ń ṣe lóde: kí ó yọ lẹ́ǹsì, kí ó fi òmíràn sí i, kí ó pààrọ̀ bátìrì, kí ó ki káàdì bọ ihò rẹ̀. Ó máa yà á lẹ́nu bí ọwọ́ ṣe ń tàsé. Ojú méjèèjì ló jọ ń sọ fún ọpọlọ bí nǹkan ti jìnnà tó. Bí ọ̀kan bá lọ, ọpọlọ á ní láti wo òjìji, ìtóbi àti bí ohun kan ti ń bo òmíràn kó tó mọ̀. Lẹ́ǹsì tó jábọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì nínú ilé sàn ju èyí tó jábọ́ sórí kọnkéré ní gbọ̀ngàn àpèjẹ.

Ohun kan dùn mọ́ni nínú ọ̀rọ̀ yìí: kámẹ́rà fúnra rẹ̀, ojú kan ló ní. Àwòrán tó ń yà tẹ́ pẹlẹbẹ. Àwọn àmì tí ẹni tó ń lo ojú kan ń wá kiri láti mọ ìjìnnà, òjìji, ìtóbi, ohun tó bo òmíràn, àwọn náà ni fọ́tò dáadáa fi ń fi ìjìnnà han ẹni tó ń wò ó. Àwọn olùkọ́ kan máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ di ojú kan wo nǹkan kó tó yà á, nítorí ìdí yìí gan-an ni.

Lẹ́yìn ìdánrawò lórí nǹkan dídúró nínú ilé, kí ó kan yíya ohun tó ń rìn: ọmọdé tó ń sáré nínú àgbàlá, ọ̀kadà tó ń kọjá lójú títì, kí òun fúnra rẹ̀ sì dúró sí ibi tí kò léwu. Kò gbọdọ̀ fi ojú bíbò wa ọkọ̀ tàbí gun àkàbà.

Ìpéǹpéjú náà ní ohun tó ní láti gbàgbé. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán máa ń di ojú kejì pinpin nígbà tí ọ̀kan bá wà nínú ihò ìwòran. Bí ojú tí wọ́n rán bá ni ayàwòrán ń dì bẹ́ẹ̀, iṣan tó yí ìpéǹpéjú ká á máa fa fọ́nrán òwú tí wọ́n fi rán an. Kí ó ti kọ́ láti máa la ojú méjèèjì sílẹ̀ bó ti ń yàwòrán. Ó máa ń rú ènìyàn lójú níbẹ̀rẹ̀, nítorí àwòrán méjì á máa dà pọ̀, ṣùgbọ́n láìpẹ́ ọpọlọ á kọ́ láti fojú fo èyí tí kò wúlò.

Ìyókù wà lọ́wọ́ kámẹ́rà. Wíìlì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìwòran ń mú un bá agbára ojú mu, nọ́ńbà ojú òsì sì lè yàtọ̀ sí ti ọ̀tún. Ẹni tó bá yí ojú padà láì yí wíìlì náà á rò pé ojú kejì kò dára. Kí ó yí i títí àwọn nọ́ńbà àti lẹ́tà inú ihò náà á fi mọ́ kedere, kí ó má ṣe wo ohun tó wà níta nígbà tó bá ń yí i, nítorí fókọ́ọ̀sì lẹ́ǹsì lè tàn án jẹ. Ó tún yẹ kí ó pa ìfọwọ́kàn sikirínì nígbà tí kámẹ́rà bá wà lójú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ imú á máa sún ibi fókọ́ọ̀sì kiri. Kámẹ́rà òde òní tó lè wá ojú ènìyàn fúnra rẹ̀ kó sì fi fókọ́ọ̀sì lé e jẹ́ ọ̀rẹ́ ńlá lákòókò yìí. Kí ó tan án, kí ó sì fi gbogbo ètò náà pa mọ́ sí ibi kan tó lè pè ní ẹ̀ẹ̀kan.

Bí kámẹ́rà bá kúrò lójú, ó pàdánù ibì kan tó ń fara tì, ọwọ́ méjèèjì nìkan ló kù. Àwòrán á tètè gbọ̀n. Ọ̀nà àtijọ́ kan wà tó ń gbà á: kí okùn kámẹ́rà wà lọ́rùn, kí ayàwòrán ti kámẹ́rà síwájú títí okùn náà á fi le gan, kí ìgbúnwọ́ méjèèjì sì lẹ̀ mọ́ ìhà. Kí ó mú ìyára pọ̀ sí i. Ẹni tó ń fi 1/60 ìṣẹ́jú àáyá yàwòrán tẹ́lẹ̀ lè gbé e dé 1/125 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí ènìyàn bá ti ń jókòó, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé ló dára jù. Oòrùn ọ̀sán máa ń jẹ́ kí sikirínì ṣókùnkùn, ohun tí àwọn ará àtijọ́ sì fi yanjú rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́: aṣọ dúdú lórí, tàbí ìbòrí kékeré tí wọ́n ń tà fún sikirínì. Kí aṣọ náà mọ́, kó má sì kan egbò.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ti ìsinmi ni. Òwú tí kì í yọ́ fúnra rẹ̀ lára ìpéǹpéjú, dókítà sábà máa ń yọ ọ́ láàárín ọjọ́ 5 sí 7. Rọ́bà etí ihò ìwòran, tí òógùn, páńkéèkì àti eruku ti gbá mọ́, kò gbọdọ̀ kan ojú náà títí dókítà á fi sọ pé egbò ti san. Rọ́bà náà ṣeé yọ lára ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, kó sì gbẹ. Kámẹ́rà tí ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ jọ ń lò léwu púpọ̀ ní àkókò yìí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni Àpólò, ojú pípọ́n tó ń ràn, ṣe lè ti ojú ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn. Bí jígí ojú tàbí ike ìdáàbòbò bá wà lójú, kámẹ́rà tí ojú lè jìnnà díẹ̀ sí ihò rẹ̀ ló bá a mu. Nikon ti ṣe irú rẹ̀ fún àwọn onígíláàsì láti 1982 pẹ̀lú F3 HP, tí ojú lè jìnnà sí i tó mílímítà 25.

Iṣẹ́ abẹ inú ẹyinjú ní òfin tirẹ̀, ó sì yẹ kí ayàwòrán mọ̀ ọ́n. Nínú ìwádìí ìfọ́jú tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, kataráàtì, tó ń mú lẹ́ǹsì inú ojú ṣú, ló fa 43 nínú ọgọ́rùn-ún ìfọ́jú àwọn tó ti pé ogójì ọdún sókè. Ìwòsàn rẹ̀ wà. Láti ìgbà tí Harold Ridley ti fi lẹ́ǹsì àtọwọ́dá sínú ojú ènìyàn ní London ní 1949, ìtọ́jú náà ti di ti ojoojúmọ́. Àmọ́ lẹ́ǹsì tí wọ́n sábà ń fi sí i kì í fẹ̀, kì í sì sún kì bíi ti àbínibí. Bí wọ́n bá yàn án fún ohun òkèèrè, ayàwòrán á rí ìyàwó lórí ìjókòó ọlá kedere, ṣùgbọ́n sikirínì ẹ̀yìn kámẹ́rà á ṣe bàìbàì láìsí jígí ìkàwé. Ihò ìwòran kì í fìyà jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí lára ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, wọ́n ṣe àwòrán inú rẹ̀ bí ohun tó wà ní nǹkan bíi mítà kan sí ojú.

Àwọn dókítà kan tún máa ń yan ojú kan fún òkèèrè, wọ́n á sì yan èkejì fún ìtòsí, ojú adarí ni wọ́n sì sábà ń yàn fún òkèèrè. Kí ayàwòrán sọ fún dókítà irú iṣẹ́ tó ń ṣe, ojú tó ń gbé sí kámẹ́rà, àti bí sikirínì kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti jìnnà tó. Lẹ́yìn tí lẹ́ǹsì náà bá ti wọlé, kò rọrùn láti pààrọ̀ rẹ̀.

Àwọ̀ náà á yí padà. Lẹ́ǹsì ojú tó ti dàgbà máa ń di aláwọ̀ ìyeyè, kì í jẹ́ kí búlúù wọlé dáadáa. Claude Monet, ọ̀gá tó ń fi ọ̀dà kun àwòrán ní ilẹ̀ Faransé, ṣe iṣẹ́ abẹ kataráàtì sí ojú ọ̀tún ní 1923, ó sì ráhùn lórí bí àwọ̀ ṣe rí lójú rẹ̀ lẹ́yìn náà. Onífọ́tò tó ń tún àwọ̀ ṣe lórí kọ̀ǹpútà á bá ohun kan náà pàdé bí wọ́n bá ti ṣe ojú kan tí èkejì kò tíì kàn: ojú kan á rí aṣọ àláárì bó ti rí, èkejì á rí i bí ẹni pé èéfín bò ó. Láàárín àkókò yẹn, kí ó máa fi ẹ̀rọ tó ń wọn àwọ̀ sikirínì ṣiṣẹ́, tàbí kí ó ní kí ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáṣá bá òun wò ó.

Ẹni tí wọ́n fi gáàsì sínú ojú rẹ̀ nítorí pé awọ inú ẹ̀yìn ojú ya kò gbọdọ̀ wọ bàálù títí gáàsì náà á fi lọ, nítorí ó máa ń fẹ̀ lókè, ó sì lè fọ́ ojú. Gáàsì kan lè pẹ́ tó oṣù méjì. Gbígbé ẹrù wúwo àti bíbẹ̀rẹ̀ kó orí wálẹ̀ náà wà lára ohun tí àwọn dókítà ń kà léèwọ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ iṣẹ́ abẹ inú ojú, bẹ́ẹ̀ sì ni báàgì lẹ́ǹsì wúwo, onífọ́tò ayẹyẹ kì í sì yéé bẹ̀rẹ̀. Ní àkókò yẹn, ọmọ iṣẹ́ ló yẹ kó máa gbé ẹrù.

Àwọn kan wà tí ojú adarí wọn kò ní padà. Bí jẹjẹrẹ bá ti wọnú, dókítà lè yọ ẹyinjú náà láti gba ẹ̀mí là. Ìbànújẹ́ rẹ̀ kò kéré, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó lè fi í pamọ́. Síbẹ̀, òwò kámẹ́rà wà lára iṣẹ́ tí ojú kan lè ṣe láì dín kù. Apá ibi tí ojú tó lọ nìkan ń rí tẹ́lẹ̀ á ṣókùnkùn, nítorí náà kí ayàwòrán kọ́ láti máa yí orí, kí ó sì dúró síbi tí èrò á ti máa gba apá ojú tó kù kọjá. Ojú kan ṣoṣo tó kù yẹn yẹ fún jígí ìdáàbòbò lójoojúmọ́, bí nọ́ńbà rẹ̀ tilẹ̀ dára.

Ti owó kò ṣeé fojú fò. Onífọ́tò tí kò ṣiṣẹ́ fún oṣù kan pàdánù owó oúnjẹ, ìdí sì nìyẹn tí àwọn kan fi ń sá padà sí òde kí egbò tó jiná. Ó sàn kí ó tètè sọ fún àwọn oníbàárà, kí ó gbé iṣẹ́ tó nílò eré fún ẹlẹgbẹ́ tó ṣeé fọkàn tán, kí ó sì di èyí tí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lè ṣe mú: fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, àwòrán ìjókòó nínú ilé fọ́tò, fọ́tò ọjà títà. Oníbàárà tí wọ́n sọ òtítọ́ fún máa ń dúró.

Ó tún yẹ kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn jìnnà sí ohun tí àwọn ará àdúgbò ń bù sójú ara wọn: omi ọmú, ìtọ̀, omi ṣúgà, oògùn tí ẹlòmíràn lò kù. Ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ sí kò lè gba ọ̀kankan nínú wọn. Kò sì gbọdọ̀ gbé kataráàtì rẹ̀ fún àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ ti lẹ́ǹsì ojú sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ló ti fọ́jú pátápátá lọ́wọ́ wọn.

Ìrora tó ń le sí i dípò kó dín kù, ìríran tó lọ sílẹ̀ lójijì, ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mànà nínú ojú, ọyún tàbí ẹ̀jẹ̀ tí kò dá: ayàwòrán tó bá rí èyíkéyìí nínú wọn, kí ó gbé kámẹ́rà sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín ìgbéyàwó ni, kí ó sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an.